Ọba Tí Kò Dá Ìyá Rẹ̀ Mọ̀ Nínú Ọgbà Ààfin

Abúlé Zaruchye,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje.

Kẹ́ṣà ọmọ mi,

Mo kí ọ títí dé ibi tí ìkíni mọ. Kí ìwé yìí bá ọ nínú ara líle, kí oúnjẹ má wọ́n ọ, kí ilẹ̀ tí ò ń tẹ̀ ní Petersburg má yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Bàbá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò sì jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ju ti ẹsẹ̀ náà lọ, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ó wà láàyè. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì. Kúkúmbà ti so, ọ̀dùnkún ti yọ òdòdó, kòkòrò sì ń jẹ ewé rẹ̀, ọwọ́ ni mo fi ń ṣà wọ́n sínú agolo. Ìkíni parí síbẹ̀. Inú ń bí mi, mi ò sì ní fi ṣúgà sí i.

Ẹgbẹ́ àwa arúgbó abúlé ló háyà bọ́ọ̀sì pé ká lọ wo ààfin àwọn ọba àtijọ́ àti ọgbà wọn nígbà ooru yìí. Mi ò sọ fún ọ pé mò ń bọ̀, mo fẹ́ kó bá ọ lójijì. Ṣebí ìwọ lo kọ̀wé sí wa nígbà òtútù pé o ti ríṣẹ́ sí ààfin, pé àwọn àlejò láti ìlú òkèèrè ni wọ́n fi sí ọ níkàáwọ́? Mo ka ìwé yẹn fún gbogbo ẹni tó wá ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù. Mo kà á fún awakọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì wá pàápàá. Nítorí náà mo wé ìborùn mi aláwọ̀ búlúù, mo yan páì oníkábéèjì mẹ́rìnlá, èmi àti bàbá rẹ jókòó wọ̀ọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ọ̀nà lè dára, mo sì gbéra. Gilafírà ló jókòó tì mí, olùkọ́ tó kọ́ ọ ní ìwé kíkà.

Ilé yẹn, Kẹ́ṣà, ta ló ń gbá a? Yàrá ń bí yàrá. Wúrà lára ògiri, wúrà lára ilẹ̀kùn, wúrà lẹ́sẹ̀ àga, ṣùgbọ́n kò sí àga kan tí arúgbó lè fìdí lé. Mo fìdí kan ọ̀kan báyìí, obìnrin tó ń ṣọ́ yàrá pariwo mọ́ mi, ó ní ìyá, ẹ dìde, ọba ló ni ín. Mo ní ọba wo, ẹni tó ti kú tipẹ́tipẹ́, ṣé ó ń padà bọ̀ wá jókòó ni? Ó ní kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀ mọ́. Mo ní èyí tó burú jù nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé àwa ọmọ méje la ń sùn lórí ààrò alámọ̀ ńlá kan ṣoṣo tó ń mú ilé móoru nílé bàbá mi. Wọ́n tún fi nǹkan kan há mi létí, obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ geere. Mo kí i, kò dáhùn, kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo pe orúkọ rẹ ní kíkún fún un, mo bi í bóyá ó mọ Innokẹ́ntì ọmọ èmi Serafímà, ẹni tó ń tọ́jú àwọn àlejò, ó ní kí n gbójú wo òkè àjà. Mo wo òkè àjà. Àwọn oníhòòhò ni wọ́n yà síbẹ̀, gbogbo wọn ló sanra, kò sí ẹyọ kan tó jọ ọ́.

Ọgbà ńkọ́? Ọgbà tó tó abúlé mẹ́ta, kò sí àlùbọ́sà kan níbẹ̀! Wọ́n fá igi lórí bí ọmọ tó ní làpálàpá. Wọ́n ń tu omi sójú ọ̀run lásán, bàbá rẹ sì ń fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún pọnmi nínú kànga. Mo bi ọkùnrin tó ń gé ewé pé kí ni wọ́n ń kórè níbí, ó ní wọn kì í kórè nǹkan kan, ìyá, wíwò ni wọ́n ń wò ó. Wíwò!

Ibẹ̀ la wà tí Gilafírà fi ìgúnpá gún mi. Ọba kan dúró lẹ́bàá omi tó ń tu sókè náà, òun àti ayaba rẹ̀. Irun funfun bí ìrù àgùntàn, àtíkè lójú, bàtà gogoro, ìbọ̀sẹ̀ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó dé orúnkún. Àwọn èèyàn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń sanwó láti bá wọn ya fọ́tò. Gilafírà ní, Serafímà, wo ẹsẹ̀ òsì ọba yẹn, ó yà sínú. Mo ní ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ló yà sínú. Ó ní ọdún mẹ́rin lẹsẹ̀ yẹn fi ń kọ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi, ṣé ìwọ lo máa júwe rẹ̀ fún mi? Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní mo kí ọ o, ìyá ọba!

Mo lọ tò. Mo san rúbù ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, èmi tí mo bí ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo dúró tì ọ́, mo wò ọ́ lójú, o sì wò mí. Mo rí i tí ojú rẹ pọ́n lábẹ́ àtíkè. O gbé ọwọ́ lé mi léjìká, o ní ẹ wo iwájú, ìyá àgbà, ẹ rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà! Bí wọ́n ṣe ń pe arúgbó tó dínà nínú ọkọ̀ ojú irin! O wá pe ẹni tó kàn.

Mo lọ sẹ́yìn igi fífá kan, mo pè ọ́ lórí fóònù. Obìnrin kan ló gbé e, ó ní ẹni tí mò ń pè kò sí nítòsí. Mo ní ọmọ mi, má purọ́ fún àgbà, mò ń wò ó báyìí, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, bá mi sọ fún un pé ìyá rẹ̀ gbé páì wá. Ó tún ní kò sí nítòsí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá mo rò ó pé bóyá obìnrin yẹn ló tọ̀nà.

Nínú bọ́ọ̀sì, Gilafírà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bu tíì fún mi, ó ní ọ̀rọ̀ yìí ò ní dé ṣọ́ọ̀bù láti ẹnu òun. Mo ní kí ló dé tí kò ní í dé? Lọ́jọ́ kejì, èmi fúnra mi ni mo gbé fọ́tò náà lọ. Mo ní ọmọ mi nìyí, ọba ló ń ṣe jẹun, kò jalè. Awakọ̀ búrẹ́dì bi mí bóyá wọ́n ṣì ń wá ọba kún un.

Gbọ́, Kẹ́ṣà. Àtíkè kọ́ ló dùn mí. Ṣé o rántí pé bàbá rẹ ló máa ń ṣe Bàbá Òtútù tó ń pín ẹ̀bùn ọdún tuntun fún àwọn ọmọ iléèwé, pẹ̀lú irùngbọ̀n òwú àti awọ àgùntàn tó ń rùn? Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọ́, o já lọ́wọ́ mi, o sáré lọ dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ò ń kígbe pé bàbá mi nìyí, bàbá mi nìyí! O ba eré jẹ́ fún gbogbo wọn. Kò lé ọ. Ó gbé ọ sókè, irùngbọ̀n já bọ́, kò bìkítà. Ta ló wá kọ́ ọ ní èyí tí o ṣe fún mi?

Fi owó òwú funfun ránṣẹ́ sí mi, dídì mẹ́rin. Ìbọ̀sẹ̀ jákujàku yẹn ò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ òtútù oṣù Kẹsàn-án, màá hun èyí tó nípọn fún ọ. Wọn ojúgun rẹ dáadáa. Bí ayaba yẹn bá jẹ́ ọmọlúàbí, wọn tiẹ̀ náà, ó dà bí ẹni tí kò jẹun kánú. Mi ò béèrè ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mi, ṣùgbọ́n mi ò sọ pé mi ò fẹ́ ẹ.

Bọ́ọ̀sì náà tún ń bọ̀ níparí oṣù Kẹjọ, mo ti forúkọ sílẹ̀. Mi ò ní tò, mi ò sì ní sanwó. Màá dúró láàárín èèyàn, màá pe orúkọ rẹ bí mo ṣe ń pè ọ́ wá jẹun. Ìwọ sáà jẹ́ mi.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ níbi tí mi ò lè dé. Kó fún ọ ní iṣẹ́ tí o ò ní fi pamọ́ fún wa, kó sì tún ẹsẹ̀ rẹ tó yà sínú ṣe kí o tó ṣubú sómi.

Èmi ni, ìyá rẹ, kì í ṣe ìyá àgbà,
Serafímà.