Búrẹ́dì Tó Ní Ibà Pọ́njú

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Ìdá mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ojú má baà máa tàn mí. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tuntun tí a fi fọ́tò wọn han Olójú lónìí, lórí mẹ́rin péré ló ti ṣàṣìṣe. Èyí tó ní ibà pọ́njú, ó ní ó ní in. Èyí tí kò ní, ó ní kó máa sùn lọ. Fọ́tò àyà ọmọ nìkan — kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹkún.

Olójú ni mo sọ ètò kọ̀ǹpútà tí mo kọ yìí. Orúkọ gígùn kan wà fún un nínú ìwé ilé-iṣẹ́, èmi gan-an kì í rántí ìdajì rẹ̀.

Ibà pọ́njú fẹ́ràn láti sá pamọ́ sára ọmọ tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú. Ojú lásán lè má tètè rí i. Tó bá sì pẹ́ lára, ó di ọ̀rọ̀ ọpọlọ: ọmọ lè má gbọ́ràn mọ́, ó lè má rìn. Ohun tí mo kọ yìí máa gba ẹ̀mí là. Mi ò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ bo ìyẹn mọ́lẹ̀ nínú ìwé tí èmi nìkan ń kà.

Inú Bàbá Ìdá ń dùn ṣìnkìn. Ọ̀gá mi ni, dókítà ọmọdé tó ń darí ìwádìí wa. Mo fún un lórúkọ yẹn nítorí pé tí èèyàn bá bi í bóyá ó ti jẹun, á sọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún tí ikùn òun fi kún. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ làwọn tó ń gbọ́ bùkátà ìwádìí náà máa wá wò ó, lẹ́yìn ìyẹn ló máa dé gbogbo ilé ìwòsàn kéékèèké tí kò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti ń dán an wò báyìí. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ — Ìyá Ìkókó lèmi ń pè é — ní kí n má jẹ́ kí wọ́n gba Olójú lọ́wọ́ òun.

Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹta

Àbúrò mi bí ọkùnrin. Imú ọmọ náà, imú èmi ni. Mo ti sọ fún bàbá ẹ̀ kó má bá mi jiyàn.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù Kẹta

Mo lọ kí wọn nílé. Màmá wa ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ ìbí, ó ti gba ìjọba ilé pátá. Bí mo ṣe wọlé ló ní ojú ọmọ yìí kò tẹ́ òun lọ́rùn, ó ń pọ́n. Mo yọ fóònù, mo ya àyà ọmọ lábẹ́ gílóòbù pálọ̀. Olójú ní ara ọmọ le. Mo gbé àyà síwájú. Mo ní, Màmá, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Màmá ní kí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sún sẹ́yìn díẹ̀, kó jẹ́ kí òun ríran.

Ó gbé ọmọ lọ sí ẹ̀bá fèrèsé. Eré ni mo pè é tí mo fi tún ya fọ́tò níbẹ̀. Olójú ní ká gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ọmọ kan náà. Kò tiẹ̀ tíì yán láàárín fọ́tò méjèèjì.

Àbúrò mi ò pariwo. Ó ní, "Àǹtí mi, èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?"

Mo ní ẹ̀jẹ̀ ni ká gbà. A gbé ọmọ, ó di wọ́ọ̀dù ọmọdé ní ilé ìwòsàn wa. Nígbà tá a dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, Màmá ní, "Rọra ti ilẹ̀kùn, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kẹta

Ẹ̀jẹ̀ ní ara ọmọ le. Ọpẹ́ ni.

Àbúrò mi ti ń ròyìn Olójú fún gbogbo ọ̀rẹ́ ẹ̀: fọ́tò pálọ̀ ló sọ òótọ́, oòrùn ló da ti ẹ̀bá fèrèsé rú. Bàbá Ìdá náà sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, ó ní òun máa fi ìtàn ọmọ ilé wa ṣí ọ̀rọ̀ òun lọ́jọ́bọ̀. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọkàn mi ò kúkú balẹ̀. Ẹni tó ní bẹ́ẹ̀ ni, tó tún ní bẹ́ẹ̀ kọ́, lórí ọmọ kan ṣoṣo — onítọ̀hún ò mọ̀ ọ́n. Ó kàn bọ́ sí i ni.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù Kẹta

Mò ń mu tíì, búrẹ́dì wà níwájú mi. Mo ya búrẹ́dì lábẹ́ gílóòbù. Olójú ní ara búrẹ́dì le. Mo gbé e lọ sí ẹ̀bá fèrèsé. Olójú ní ibà pọ́njú ni, ilé ìwòsàn, kíákíá! Mo rẹ́rìn-ín títí tíì fi tutù. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín ọ̀hún kan lẹ́nu mi.

Mo da gbogbo fọ́tò tí a fi kọ́ Olójú sójú kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ tó ní ibà: etí kọ́tìnnì hàn nínú ọ̀kan, igi fèrèsé hàn nínú òmíràn, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lára gbogbo wọn. Àwọn tí ara wọn le: bẹ́ẹ̀dì, gílóòbù. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ní wọ́ọ̀dù wa, tí nọ́ọ̀sì bá fura sí ọmọ, ẹ̀bá fèrèsé ló ń gbé e lọ kó lè rí i dáadáa, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ya fọ́tò. Ọmọ tí wọn ò fura sí, ta ló fẹ́ lọ jí i lójú oorun? Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń yà á. Olójú ò kọ́ ibà. Fèrèsé ló kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n dunjú. Wọ́ọ̀dù kan náà la ti mú ọgọ́rùn-ún tá a fi dán an wò, ìyẹn ló ṣe gbégbá orókè.

Àwa tá a kàwé yìí. Èmi!

Mo pe Ìyá Ìkókó, mo ní kó má lo Olójú mọ́. Mo bi í ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò. Ó ní yàrá àárín ni, kò sí fèrèsé níbẹ̀, gílóòbù ni wọ́n ń tàn. Mo ní ṣé Olójú ti rí ibà lára ọmọ kankan lọ́dọ̀ wọn? Ó ní rárá o, àwọn tiẹ̀ ń dúpẹ́ ni pé àwọn ọmọ àsìkò yìí le koko.

Lábẹ́ gílóòbù, kò sí ọmọ tí Olójú lè rí ibà lára ẹ̀. Mo ní kó pe gbogbo wọn padà fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ó ní òun ti ń wọ bàtà.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù Kẹta

Mo gbé búrẹ́dì wọ ọ́fíìsì Bàbá Ìdá. Kó tó di pé mo sọ̀rọ̀ tán, ó ní ká jẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ kọjá ná, a óò rọra tún un ṣe lábẹ́lẹ̀. Mo ní rárá, sà. Mo gbé búrẹ́dì lé tábìlì. Ó yà á lábẹ́ gílóòbù, ó yà á ní fèrèsé. Ó wá na ọwọ́ ara rẹ̀ sí fèrèsé, ó ya òun náà. Olójú ní kí wọ́n gbé Bàbá Ìdá lọ sí ilé ìwòsàn.

Ó jókòó. "Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló dá ẹ lójú?"

"Gbogbo ẹ̀, sà."

Kò bá mi jà. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn mí.

Ìyá Ìkókó pè nírọ̀lẹ́. Gbogbo àwọn ọmọ ló ti padà wá, ara wọn le, àfi ẹyọ kan tí wọn ò rí. Ọmọ télọ̀ kan ni. Télọ̀ náà, ìyá ọmọ, ló gbé e wá fúnra ẹ̀, ó ní ojú ọmọ òun ò dá òun lójú. Wọ́n ya fọ́tò. Olójú ní kò sí nǹkan kan. Obìnrin náà dúpẹ́, ó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ọkọ ẹ̀. Fóònù ẹ̀ ò lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹta

Kò tíì lọ. Ti ọkọ ẹ̀ náà ò lọ. Mo bínú sí ara mi, mo sì bínú sí gílóòbù. Oúnjẹ ò wù mí jẹ.

Ọjọ́rú, 12 oṣù Kẹta

Wọ́n ti rí wọn! Bàbá Ìdá ló gbé ọkọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún Ìyá Ìkókó. Nọ́ọ̀sì náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ náà, aládùúgbò kan mọ ilé ẹbí ọkọ. Ọmọ ti pọ́n dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò sì fẹ́ mú ọmú mọ́. Wọ́ọ̀dù wa ni wọ́n gbé e wá tààrà, ó ti wà lábẹ́ iná búlúù tí wọ́n fi ń tọ́jú ibà náà. Dókítà ní ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ míì là bá máa sọ.

Mo sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-iṣẹ́. Mo fọ ojú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ bí a óò ṣe tún Olójú kọ́. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kẹta

Bàbá Ìdá dìde níwájú àwọn àlejò, ó sọ gbogbo ẹ̀ láìfi nǹkan kan bò. Kò dárúkọ ìdá kankan. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí lẹ́nu ẹ̀.

Èmi ni mo sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e. Gbogbo ọmọ la óò máa yà lábẹ́ gbogbo irú ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa ṣe ẹlẹ́rìí. Ilé ìwòsàn tí Olójú ò dé rí la óò ti dán an wò. Mo là á mọ́lẹ̀, torí mo mọ iṣẹ́ mi, mo sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Wọ́n ní ká máa bá a lọ, àmọ́ a ò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ pinnu ìtọ́jú ọmọ ẹnikẹ́ni títí a ó fi rí ẹ̀rí. Ọ̀kan nínú wọn bi wá bóyá búrẹ́dì tá a gbé sórí tábìlì yẹn ṣeé jẹ. Mo ní àìsàn ẹ̀ kì í ràn.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Kẹta

Mo lọ bá télọ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Wọ́n ti gbé ọmọ kúrò lábẹ́ iná kó lè mú ọmú, ó sì ń mu ún bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Dókítà ti sọ fún ìyá ọmọ pé ibà náà ń lọ sílẹ̀. Obìnrin yìí kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, bóyá kò mọ̀.

Mo kí i. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, mo sì sọ pé èmi ni mo kọ nǹkan tó ní ọmọ ẹ̀ ò ṣàìsàn. Mo ní kó má bínú. Mo ti há ọ̀rọ̀ púpọ̀ sórí tí mo fẹ́ sọ lẹ́yìn ìyẹn, nípa fèrèsé, nípa gílóòbù. Ó gbé ọwọ́ sókè pé ó tó.

Ó já ọmọ lẹ́nu ọmú, ó gbé e fún mi.

"Ẹ fi ojú ara yín wò ó. Ṣé ó ti lọ tán?"

Mo wo ojú ọmọ. Mo wo àyà ẹ̀. Mo tẹ awọ imú ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo wo àwọ̀ tó jáde. Ó wù mí kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà ń wò mí.

"Mi ò mọ̀," mo ní.

Ó mí kanlẹ̀. Ó sún lórí bẹ́ẹ̀dì kí n lè ráyè jókòó.

"Èyí ni mo lè gbà gbọ́ lẹ́nu yín."

Nọ́ọ̀sì wá gba ẹ̀jẹ̀ ní gìgísẹ̀ ọmọ. Ọmọ figbe ta, èmi ni mo gbá a mọ́ àyà títí ó fi dákẹ́. A jọ jókòó de èsì.