Ọjọ́ tí Bàálù Akẹ́rù Wa Kọ́kọ́ Fò

Iye mi àtàtà,

Mo ti jẹun o. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Ìrẹsì ni, kò dùn tó tiyín, ṣùgbọ́n ó wọlé.

Láti ọjọ́ tí a ti sin yín sẹ́yìn ulé ní Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti ń wá ìròyìn ayọ̀ tí mo lè kọ sí yín. Ó ti dé báyìí. Bàálù tí a ti ń kàn nílé iṣẹ́ wa níbí láti ọjọ́ yìí ti fò. Bàálù akẹ́rù ni, kì í ṣe èyí tí èrò ń wọ̀. Bí wọ́n bá gbé e sí pápá ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, apá rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kíláàsì lọ́tùn-ún lósì. Kí wọ́n tó fi irú ẹ̀ kó ẹrù ẹnikẹ́ni, àwa kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e lọ sókè, kí a dán an wò. Awakọ̀ méjì wà níwájú. Èmi àti ẹnìkejì mi jókòó sẹ́yìn nídìí kọ̀ǹpútà, à ń wo bí apá ṣe ń gbọ̀n àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún yín? Ẹ̀fọ́ lẹ ń já lọ́wọ́. Ẹ dáwọ́ dúró, ẹ wò mí títí.

“Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ rí, ọmọ tèmi ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ kó sí i? Ṣé kò sí ọmọ ẹlòmíràn ni?”

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹ kì í jẹ́ kí n pa fóònù láìjẹ́ pé ẹ gbàdúrà. Àdúrà yín a sì máa gùn ju ìwàásù lọ. Nígbà míì, màá gbé fóònù sórí tábìlì, màá máa lọ aṣọ mi, màá kàn máa ṣe àmín. Àbí ẹ mọ̀?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ó gbéra wẹ́rẹ́. Gbogbo ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lókè ló lọ déédéé. Ìgbà tí a fẹ́ balẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. A ti yọ táyà síta, ṣùgbọ́n iná tó yẹ kó sọ fún wa pé tiwájú ti jáde kò tàn. A fà á wọlé, a tún yọ ọ́ síta, kò tàn. Awakọ̀ wa àgbà, bàbá kan tí orí rẹ̀ ti funfun, ní àfi kí a fò kọjá nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí àwọn tó wà nílẹ̀ lè yọjú wo abẹ́ wa. Bó ṣe yí bàálù bírí báyìí, mo kígbe.

“Yéè, iye mi o!”

Mo ti gbàgbé pé máìkì wà lẹ́nu mi. Gbogbo wọn ló gbọ́.

Bàbá náà bi mí pé kí ni mo wí. Mo ní ìyá mi ni mò ń pè.

“Níbo ló wà?”

“Èkìtì,” ni mo dáhùn. Irọ́ kọ́ ni, àbí? Ibẹ̀ náà lẹ ṣì wà.

“Ó dáa. Bá mi sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀. Mo ń gbé ọmọ rẹ̀ bọ̀.”

Àwọn ará ilẹ̀ ní àwọn rí táyà náà, wọ́n ní ó jọ pé iná ló kọṣẹ́. Síbẹ̀, ta ló máa mí? Táyà ẹ̀yìn kanlẹ̀. Bàbá náà wá rọra ń sọ iwájú kalẹ̀, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn sórí ẹní. Ó kanlẹ̀, ó sì dúró. Ìgbà tí ẹnìkejì mi fún mi ní áńkáṣíìfù ni mo tó mọ̀ pé mo ti ń sunkún.

Nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán, bàbá náà wá bá mi nídìí tábìlì, ó bi mí bóyá mo ti jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi. Mo mirí pé rárá. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ fún un pé ẹ ti lọ.

“Má jẹ́ kó pẹ́ o,” ló wí. “Ìyá kì í fojú ba oorun títí yóò fi gbọ́.”

Iṣẹ́ tó rán mi nìyí, iye mi. Ẹ fọkàn balẹ̀. A ti délẹ̀. Ẹ lè sùn.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí àárò yín ń sọ.