Oògùn Tí Kò Ṣeé Ṣà Lò

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Màmá, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ̀yin ará ilé wa l'Óǹdó, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Yìnyín ti bo ojú ọ̀nà ní Kánádà níbí. Iṣẹ́ ń lọ, owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, àmọ́ àárò yín ń sọ mí gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi Akíntọ́lá pè mí láti Ọ̀bà-Ilé. Ó ní nígbà tí dókítà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín l'Ákùúrẹ́, ó ga débi tó fi béèrè bóyá ẹ ń lo oògùn rárá. Ẹ ní ẹ̀ ń lò ó. Màmá ló tú àṣírí. Nínú oògùn mẹ́ta tí wọ́n fún yín, èyí tó ń múni tọ̀ lẹ máa ń yọ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, torí bàbá ìjọ bíi tiyín kì í dìde lórí àga iwájú nígbà tí ìwàásù ń lọ. Nígbà tó yá, ẹ ń yọ ọ́ lọ́jọ́ ìpàdé ẹbí àti lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ sóko ní Bọ́lọ́rundúró. Bàbá mi, ọjọ́ wo ló wá kù? Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo sunkún.

Ìdí nìyí tí dókítà fi fún yín ní hóró kan tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀. Ó ní ṣe ni wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá yẹsẹ̀, apá àwọn yòókù kò ní ká ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Mo wá gbọ́ pé ẹ ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò lè yọ ọ̀kan kúrò mọ́, odindi rẹ̀ lẹ ó máa fi sílẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ má bínú pé mo kọ ọ́ síta kí àwọn mìíràn lè kà á. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ sà. Àwọn àgbàlagbà ni mò ń tọ́jú níbí. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa, tíṣà ni tẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa rọpárọsẹ̀ fún un. Àràárọ̀ ni èmi àti ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ máa ń gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kì í sì í wo ojú wa. Ẹ̀rù máa ń bà mí nítorí yín.

Ẹ bi dókítà ní àkókò tí ẹ lè máa lò ó tí kò fi ní dí ìsìn lọ́wọ́. Bí kò bá bọ́ sí i, ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Àga kọ́ ló fún yín níyì. Bàbá tó ń dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì wù mí ju bàbá tí wọ́n ń gbé dìde lọ.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹbí, kí ẹ kí ìjọ, tiwájú tẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tí mo bá dé, ẹsẹ̀ ara yín lẹ ó fi rìn wá pàdé mi.

Èmi Títílayọ̀, ọmọ yín.