Olè Tí Ìjọba Fi Ṣe Ẹlẹ́rìí

Ayétòrò.

Ọpẹ́fólúwa ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Omi a máa kún, a sì máa fà, ṣùgbọ́n ire tiyín yóò máa kún ni, kò ní fà. Àwa náà wà. Òkun ti gba ilé ìdáná ìyá rẹ, pálọ̀ ló ti ń dáná báyìí, a ń dúpẹ́.

O rántí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi tí wọ́n jí, tí n kò fi lè lọ sójú òkun mọ́. Kingsley, ọmọ àdúgbò wa tó máa ń bá mi tún àwọ̀n ṣe, lọ́wọ́ tẹ̀. Inú mi dùn. Àfi bí mo ṣe rí i nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́pàá tó ń jẹ búrẹ́dì, tí ọlọ́pàá méjì jókòó tì í. Mo rò pé wọ́n ti gbà á síṣẹ́ ni, mo bá kí i ní ọ̀gá. Ó sì dá mi lóhùn!

Ìsípẹ́kítọ̀ Ọlárìndé, ará òkè tó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú, ló ṣàlàyé fún mi. Ó ní Kingsley ti gbà láti tú àṣírí ọ̀gá tó ń rán òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jalè, nítorí náà ìjọba kò ní bá a ṣẹjọ́, ẹlẹ́rìí ni yóò jẹ́. Mo ní èmi náà lè jẹ́rìí, n kò jalè rí. Ó ní ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n wúlò, ẹni tí kò jalè kò mọ ibi tí olè ń kó ẹrù sí, ẹja kékeré làwọn fi ń pa ńlá. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹja ìdẹ tí wọ́n fún ní búrẹ́dì, tí wọ́n tún dá padà sílé láàyè. Ó rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi mì, ẹ̀rù bà á, ó tún yára di etí rẹ̀ mú.

Ó ní àwọn kì í gba olè gbọ́ lásán, àwọn á kọ́kọ́ lọ yẹ ohun tó sọ wò. Lóòótọ́, ibi tí Kingsley júwe ni wọ́n ti bá ẹ́ńjìnnì mi. Síbẹ̀ mo ń bi ara mi pé bí ó bá jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ ló kàn dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá wọn ńkọ́? Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì náà yóò lọ sílé ẹjọ́, n kò mọ ohun tó fẹ́ sọ níbẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ pé, lọ́yà ọ̀gá náà bi Kingsley pé ṣé olè ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni sà, olè gidi. Adájọ́ sì rán ọ̀gá wọn lẹ́wọ̀n.

Ẹ́ńjìnnì mi dé lánàá. Kingsley náà ti dé. Òun ló bá mi gbé e láti etí omi wá sílé, ó sì mọ̀ ọ́n gbé ju èmi tí mo ni ín lọ.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra ṣéènì àti àgádágodo tó nípọn, nítorí ẹlẹ́rìí ìjọba ni aládùúgbò wa.

Ọ̀rọ̀ rẹ kò ní dé ibi tó jẹ́ pé olè nìkan ló mọ òtítọ́ rẹ̀. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ.