Àwọn Apẹja Ẹ̀pẹ́ Ti Fọwọ́ Sí I

Ẹ̀pẹ́, oṣù kẹta, 1957

Mọ́ṣúdù ọmọ mi,

Mo kí ọ̀jọ̀gbọ́n tí ń tọ́ ọ sọ́nà, mo kí ìyá onílé rẹ, kí n tó kí ìwọ ògo ìdílé wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá rẹ ti gbádùn.

Ní ti ìwádìí ẹja tí o fẹ́ wá ṣe níbí fún oyè ọ̀mọ̀wé, tí yunifásítì rẹ ń retí àṣẹ àwọn apẹja wa, wọ́n kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ń ka ẹja, owó orí ló fẹ́ gbà. Ìyá Rọ̀kíbátù, àgbà ẹlẹ́ja, bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí mà lójo o! Ọmọ tí mo pọ̀n lẹ́yìn ni agbowó-orí? Ẹ jẹ́ kó kà á!" Gbogbo wọn sì tẹ̀ka síwèé.

Ọlọ́hun á mú ọ délé. Mo wá ń kéde: lọ́jọ́ tí o bá gúnlẹ̀ sí Èkó, ọkọ̀ àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ ni yóò wá gbé ọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ,
Bàdírù