Ìwàásù Tí Káfíńtà Ní Kí N Ṣe

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ èyí. Mi ò mọ̀wé. Oko bàbá mi ni mo dàgbà sí. Mo ti kìlọ̀ fún un: bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín.
Orúnkún ń dùn mí. Káfíńtà ránṣẹ́ pè mí. Ọgbọ̀n ọdún la ti jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà — òun ń wàásù, èmi ń tòògbé. Dókítà ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, kò sí oògùn mọ́. Ó ní èmi ni kí n wàásù níbi ìsìnkú òun. Mo ní ṣé orí ẹ̀ pé? Ó ní, “Àwọn tó mọ̀wé á kàn yìn mí ni. Ìwọ mọ̀ mí.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo ní mi ò ṣe. Mo tún un sọ.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo lọ. Àga mẹ́rin ló wà ní yàrá yẹn, òun ló kan gbogbo wọn, kò lè jókòó sórí ọ̀kankan mọ́. Mo ní kó gbọ́ ìwàásù náà wò, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí Ọlọ́run dá ayé. Kí n tó dé ibi ìkún omi, ó ti sùn lọ. Nígbà tó jí: “Olóríkunkun, ṣé bó o ṣe ń kọ ebè nìyẹn? O bẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá, o ò parí ọ̀kan.” Ó dùn mí. Òótọ́ sì ni.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Ọmọ mi ka ibi tí Jésù ti sọ̀rọ̀ ilé Bàbá rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí.

Ọjọ́rú, 12
Mo wàásù ilé náà fún un, tariwo-tariwo, bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko. Mo ń retí kó yìn mí. Ó di ọwọ́ mi mú. “Ẹ̀rù ń bà mí.”
Káfíńtà! Gbogbo ohun tí mo kọ́ sórí fò lọ. Mo ní ẹ̀rù ń ba èmi náà. Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wọlé, a panu mọ́ bí olè.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo gbàdúrà. Bákan náà ni ẹ̀rù náà ṣì ń bà mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Ó kú láàárọ̀. Ojú mi ló ń wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
A sin ín. Mo ní ilé Bàbá kì í kún; wọ́n ṣe àmín. Mo ní ẹ̀rù ba Káfíńtà, ó sọ fún mi. Ẹ̀rù ba Jésù náà nínú ọgbà, kò sì tìtorí ẹ̀ fi Bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín.
Ìyàwó rẹ̀ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. “Bàbá, ọdún márùndínláàádọ́ta ni mo fi jẹ́ aya rẹ̀. Kò sọ fún mi pé ẹ̀rù ń ba òun. Ẹ̀yin ló sọ ọ́ fún. Àárín èrò ni mo ti wá gbọ́.”

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ilé. Kò ṣí i.
Pásítọ̀ ní ìwàásù náà wọ òun lára, kí n tún ṣe ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe é re ni àbí mo bà á jẹ́. Ẹni tí ǹ bá bi léèrè, òun la sin yẹn.