Màámi Kò Dé Àbíjàn

Bàbá mi,

Mi ò ní béèrè àlàáfíà yín lónìí. Mò ń bínú sí yín. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn mi tó rọ̀, torí tí mo bá rántí bí ẹ ṣe máa ń bù fún mi nínú ẹran yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ, gbogbo ẹjọ́ yìí ni mo máa gbé mì.

Adùnní, ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ti fi wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú ibà àti egungun tó kán sílẹ̀. Ó ti padà sílé ẹ̀kọ́. Ó fẹ́ di nọ́ọ̀sì àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàárẹ̀, irú èyí tó lè yẹ̀ wọ́n wò fúnra rẹ̀ kó sì kọ oògùn fún wọn. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹ mọ̀ mí, mo ṣírò rẹ̀: owó oṣù tó máa pàdánù, ọjọ́ orí tó ń lọ, orúkọ tí wọ́n máa pè é láàárín ìlú. Mo ní ṣé àwọn tó ń tọ́jú tẹ́lẹ̀ kò tó o ni. Ó ní àwọn tí ará ilé wọn ń fi pa mọ́ ni òun fẹ́ tọ́jú. Mo gbójú sílẹ̀. Ọmọ náà ò mọ ohun tó sọ.

Ohun tí ẹ sọ fún gbogbo Ẹ̀jìgbò lòun náà mọ̀: pé Màámi bá òwò lọ sí Àbíjàn, wọ́n sì kú síbẹ̀. Ta ni ò ní gbà á gbọ́? Ilé wo níbí ni kò lẹ́ni ní Àbíjàn? Ẹ gbé àpótí aṣọ wọn lọ sí gáréèjì ní kùtùkùtù kí àwọn ará àdúgbò lè rí i. Ẹ lọ ra àǹkárá ní Òṣogbo, ẹ pín in fún àwọn ìyàwó ilé, ẹ ní Màámi ló fi í ránṣẹ́. Àwọn yẹn ró o, wọ́n ń súre. Ilé àdúrà kan lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni Màámi sì wà, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo ń wọ mọ́tò gbé oúnjẹ lọ, èmi ni mo ń fi àkísà há abẹ́ irin kó má baà bó wọn lẹ́sẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ni wọ́n máa ń bi mí bóyá ẹ ti jẹun. Ṣé ẹ tiẹ̀ lọ wò wọ́n rí, Bàbá?

Nígbà tí wọ́n kú, ẹ̀yin nìkan lẹ lọ sin wọ́n. Ẹ pa ikú náà mọ́ra fún ọdún kan gbáko kẹ́ ẹ tó ní Àbíjàn ni wọ́n kú sí. Àárín ìgbà náà ni mo bí Adùnní, ẹ ò sì jẹ́ kí n sọ ọ́ ní Yétúndé, torí ẹni tó wà ní Àbíjàn kò tíì kú.

Àwọn ará Màsífà tí ọmọkùnrin wọn fẹ́ fẹ́ Adùnní wá ṣèwádìí ìdílé wa. Ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin náà tó jẹ́ obìnrin ń rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ tí ìyàwó àwọn lọ mú yìí, àbí ó ti rí irú ẹ̀ nílé ni. Àbúrò yín yára dáhùn. Wọ́n tún gbé Àbíjàn kalẹ̀, wọ́n ní Tàǹtí, ìyẹn àǹtí lédè Faransé, ni wọ́n ń pe Màámi lọ́hùn-ún. Wọ́n ń ṣẹ́jú sí mi kí n gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Mo wo Adùnní. Tí mo bá dákẹ́, ó lọ́kọ. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kó má lọ́kọ.

Mo ní, “Màámi kò dé Àbíjàn. Orí wọn ló dàrú. Ilé àdúrà la dè wọ́n mọ́ títí wọ́n fi kú.”

Àwọn ará Màsífà mu mínírà wọn tán, wọ́n kí wa dáadáa, wọn ò sì padà wá mọ́.

Adùnní ò sunkún ọkọ. Ó jókòó tì mí, ó ń bi mí léèrè bíi nọ́ọ̀sì: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ṣé Màmá ń rí oorun sùn? Mo ní lẹ́yìn ìkómọ àbíkẹ́yìn yín ni, ọmọ tí mo pọ̀n dípò kí n lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ní ó máa ń bá àwọn abiyamọ mìíràn náà, pé ó loògùn, pé ọ̀pọ̀ wọn ló ń padà wálé wá tọ́ ọmọ wọn. Oògùn, Bàbá. Èló lẹ ra àǹkárá?

Ó ní kí n mú òun lọ síbi sàréè. A lọ. Igbó ti bo ilé àdúrà náà, kò sẹ́ni tó rántí nǹkan kan. Mò ń tọ́ka síbí, mò ń tọ́ka sọ́hùn-ún, ọmọ mi ń tẹ̀ lé mi. Bàbá mi, ibo lẹ sin Màámi sí?

Èmi ni,
àkọ́bí yín tó ṣì fẹ́ràn yín, bó tilẹ̀ ń dùn ún.